Bí Lẹ́tà Páswọọ̀dù Bá Dé Tí Ẹ Ò Ránṣẹ́ Pè É

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ wa bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní ká tẹ̀ ẹ́ síbí kí àwọn náà lè kà á.

    

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹ sì jù mí lọ nínú òwò. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju yín ni mo fi dìde. Ìyálọ́jà ló ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí, kí n sì sọ ohun tí mo lọ kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ìlà kejì jókòó síbí. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó wá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n sọ ọ́, pé ohun tó ṣe àwọn kò gbọdọ̀ ṣe ẹlòmíràn mọ́ nínú ọjà yìí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kó oníbàárà jọ lórí Facebook. Wọ́n á ya fọ́tò ẹja, wọ́n á ya edé, wọ́n á ya ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó, wọ́n á gbé e síbẹ̀. Àwọn èèyàn á ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta, títí dé Peckham ní London níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí. Owó á wọlé, wọ́n á di ẹrù, ẹrù á lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀sán gangan, tí èrò kún iwájú ìsọ̀, ímeèlì kan wọlé sórí fóònù wọn. Orúkọ Facebook ló wà lókè rẹ̀. Ímeèlì náà ní ẹnì kan fẹ́ yí páswọọ̀dù wọn padà. Ó ní bí kì í bá ṣe àwọn, kí wọ́n yára tẹ ibí yìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àkáǹtì wọn á di títì pa kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Àyà wọn já. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé kan ṣí, ó jọ Facebook bí ìbejì ṣe ń jọra: àwọ̀ búlúù rẹ̀, àmì rẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá. Ojú ìwé náà ní kí wọ́n kọ páswọọ̀dù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n fún oníbàárà ní ṣéńjì, wọ́n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, olè ti wọlé, ó ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó wá ń kọ̀wé sí àwọn oníbàárà wọn bí ẹni pé àwọn gan-an ni: "Ẹ káàárọ̀ o, oníbàárà mi àtàtà. Ẹja tuntun dé, mo ti dín owó rẹ̀ kù nítorí yín. Àkáǹtì mi tẹ́lẹ̀ ń yọ mí lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó sí èyí." Èèyàn mẹ́ta ló san. Ẹnì kan san 45,000 náírà, ẹnì kan san 60,000, ẹnì kẹta tó fẹ́ ṣe ìnáwó ìyá rẹ̀ san 120,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 225,000 náírà. Ní ọjọ́ kẹta ni olùnáwó dé ìsọ̀, ó ní òun wá gbé ẹja òun. Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Ẹja wo?"

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe parí. Owó àjọ tí wọ́n fẹ́ fi san owó iléèwé ọmọ ni wọ́n fi ra ẹja fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi san gbèsè tí wọn ò jẹ. Wọ́n ní, "Olè ló jẹ owó náà, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló fi jẹ ẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Nínú òwò wa, orúkọ lajà. Bí orúkọ bá ti lọ, kí ló kù tá a fẹ́ pàtẹ?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ò ju ẹyọ kan lọ. Bí lẹ́tà páswọọ̀dù bá dé tí ẹ ò béèrè fún un, yálà ó jẹ́ ojúlówó tàbí ayédèrú, ẹ má gba ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà náà fi hàn yín wọlé. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹni tó bá sùn lọ nísinsìnyí, tó ti gbọ́ èyí, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ló kù.

BÁWO NI LẸ́TÀ NÁÀ ṢE Ń DÉ?

Páswọọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ a máa sọnù. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Facebook, Google àti Instagram mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe fi ibì kan sí ojú ìwé ìwọlé tí wọ́n kọ "Forgot password" sí. Ẹni tó bá tẹ ibẹ̀ ń sọ pé, "Mo ti gbàgbé páswọọ̀dù mi." Á kọ ímeèlì tàbí nọ́ńbà fóònù, ẹ̀rọ wọn á sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sínú àpótí ímeèlì náà. Kóòdù lè wà nínú rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà. Ó sì lè jẹ́ líǹkì tí èèyàn máa tẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tó bá lè ṣí àpótí yẹn ló ni ilé.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa o. Kò sí ohun tó ní ẹni tó tẹ "mo ti gbàgbé" gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀yin. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ímeèlì yín lè jókòó síbi tó wà, kó tẹ̀ ẹ́. Ṣé ímeèlì yín wá jẹ́ àṣírí ni? Ó wà lára káàdì tí ẹ ń pín fún oníbàárà, ó wà lójú ìwé Facebook tí ẹ fi ń polówó.

Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Oríṣi kìíní: ẹ̀yin fúnra yín lẹ béèrè, ó dé láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí wàhálà ńbẹ̀. Oríṣi kejì: ojúlówó ni lẹ́tà náà, iléeṣẹ́ yẹn gan-an ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló béèrè. Ó lè jẹ́ ẹni tí ímeèlì tirẹ̀ jọ tiyín tó ṣì í kọ. Ó sì lè jẹ́ olè tó ń kan ilẹ̀kùn wò. Oríṣi kẹta: ayédèrú ni látòkè délẹ̀. Oníjìbìtì ló kọ ọ́, òun náà ló kọ́ ilé tí líǹkì inú rẹ̀ ń mú yín lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbéèrè kan péré ló wà: ṣé ojúlówó ni àbí ayédèrú? Mo ní méjì ni. Ta ló kọ lẹ́tà? Ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2026, àìmọye àwọn tó ń lo Instagram káàkiri ayé rí lẹ́tà páswọọ̀dù tí wọn ò béèrè. Wọ́n yẹ àdírẹ́sì rẹ̀ wò, ojúlówó ni. Iléeṣẹ́ Instagram wá ṣàlàyé pé ihò kan ló wà tó jẹ́ kí ẹlòmíràn lè máa béèrè lẹ́tà náà ní orúkọ àwọn èèyàn, pé àwọn ti dí i, pé kò sí ẹni tó wọ inú ẹ̀rọ àwọn, àti pé kí àwọn èèyàn má ka lẹ́tà náà sí. Ṣé ẹ rí i? Lẹ́tà jẹ́ ojúlówó, síbẹ̀ onílé ò béèrè.

ẸNI ŃLÁ NÁÀ ṢUBÚ SÍ I

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí a ò kàwé púpọ̀ ni wọ́n ṣe ń rí wa jẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ John Podesta. Òun ni alága ìpolongo ìbò Hillary Clinton tó ń du ipò ààrẹ. Lẹ́tà kan wọ inú ímeèlì rẹ̀, ó dà bíi pé Google ló kọ ọ́. Lẹ́tà náà ní ẹnì kan ti mọ páswọọ̀dù rẹ̀, pé láti orílẹ̀-èdè Ukraine ni onítọ̀hún ti gbìyànjú àtiwọlé, pé kó yára yí páswọọ̀dù padà níbí yìí.

Àwọn èèyàn rẹ̀ ò kù gìrì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi lẹ́tà náà han òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Òṣìṣẹ́ yẹn dá wọn lóhùn pé ojúlówó ni. Ó padà ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òdìkejì rẹ̀ lòun fẹ́ kọ, pé ọwọ́ òun ló ṣì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ṣe tó dáa: ó kọ àdírẹ́sì Google gidi sínú èsì rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni kí wọ́n ti lọ yí páswọọ̀dù padà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Líǹkì inú lẹ́tà àkọ́kọ́ ni wọ́n padà tẹ̀. Ó parí. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún lẹ́tà inú àpótí ọkùnrin náà di ohun tí gbogbo ayé ń kà, WikiLeaks ló ń gbé e jáde. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ ogun ọlọ́tẹlẹ̀múyẹ́ Rọ́ṣíà méjìlá lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ronú sí i. Bí wọ́n bá ti gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n mọ̀, tí òṣìṣẹ́ yẹn kọ fún wọn, àṣìkọ rẹ̀ ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí èèyàn bá tiẹ̀ ṣì í mọ̀, bí ó bá pe ayédèrú ní ojúlówó, tó bá ṣá ti gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wọlé, olè ò rí i mú.

OHUN TÍ Ẹ MÁA ṢE GAN-AN

Bí lẹ́tà náà bá dé, àkọ́kọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má pe nọ́ńbà fóònù tó wà nínú rẹ̀. Bí èrò bá wà lórí ìsọ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ tajà yín tán. Lẹ́tà tó bá jẹ́ òótọ́ kò ní bàjẹ́ tó bá fi di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èkejì, ẹ jáde kúrò nínú lẹ́tà náà pátápátá. Ẹ lọ ṣí Facebook yín fúnra yín, níbi tí ẹ ti máa ń ṣí i lójoojúmọ́ lórí fóònù. Ẹ wọ "Settings", lẹ́yìn náà "Accounts Center", lẹ́yìn náà "Password and security". Ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ "Recent emails" sí. Gbogbo lẹ́tà tí Facebook bá kọ sí yín láìpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ààbò, ó wà níbẹ̀. Tí lẹ́tà tó wà nínú àpótí yín kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ má gbà á gbọ́. Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ Instagram.

Ẹ̀kẹta, níbẹ̀ náà, ẹ wo "Where you're logged in". Yóò fi gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé yín hàn yín, pẹ̀lú ìlú tó jọ pé wọ́n wà. Ìlú yẹn lè yẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wà níbí kó pè é ní Èkó, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí fóònù tí kì í ṣe tiyín, ẹ lé e jáde, kí ẹ sì yí páswọọ̀dù padà lójú ẹsẹ̀.

Ní ti Google, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ myaccount.google.com, kí ẹ lọ sí "Security". Ẹ máa rí àwọn ẹ̀rọ tó ń lo àkáǹtì yín àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́. Bí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ, ẹ lè pa lẹ́tà náà rẹ́, kí ẹ sùn dáadáa. Ẹni tó béèrè lẹ́tà kò rí inú rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn ni, kò wọlé.

ÀWỌN ÀMÌ TÓ WÀ LÁRA RẸ̀

Èmi tí mo ń ta àǹkárá, bí mo bá fọwọ́ pa aṣọ, mo mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Lẹ́tà kò ṣeé fọwọ́ pa. Síbẹ̀, àwọn àmì kan wà.

Orúkọ tó hàn lókè kì í ṣe ẹ̀rí. Bí mo bá lọ kọ "Ìyálọ́jà" sí iwájú ìsọ̀ mi láàárọ̀ ọ̀la, ṣé mo ti di Ìyálọ́jà nìyẹn? (Ẹ̀rín.) Ẹ tẹ orúkọ náà kí fóònù fi àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn yín. Ó ti pẹ́ tí Facebook ti ń fi àdírẹ́sì tó parí sí facebookmail.com kọ lẹ́tà. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n fi òdo rọ́pò lẹ́tà "o", tàbí tí wọ́n fi "rn" ṣe "m", ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi àdírẹ́sì gidi bo ojú tiwọn, nítorí náà bí àdírẹ́sì bá tiẹ̀ dáa, ẹ má torí ẹ̀ tẹ líǹkì.

Ní ti líǹkì, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń lọ. Ẹ ka àdírẹ́sì rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ fo https:// tó wà níwájú, kí ẹ wá ìlà (/) tó kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Orúkọ méjì tó kẹ́yìn kí ẹ tó kan ìlà yẹn ló ni ilé. Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ wa tó parí sí.com.ng, á di mẹ́ta. Bí wọ́n bá kọ https://facebook.com.onijibiti.com/wole, ta ló ni ilé yẹn? (Àwọn ìyá dáhùn: "Oníjìbìtì!") Ẹ ṣeun. Facebook tó wà níwájú yẹn, aṣọ tó yá wọ̀ ni.

Ẹ tún wo ohun tó ń béèrè. Iléeṣẹ́ gidi kì í fi ímeèlì béèrè páswọọ̀dù yín. Wọn kì í ní kí ẹ fi PIN ránṣẹ́. Lẹ́tà ojúlówó fún ẹni tí kò béèrè sábà máa ń sọ pé bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ béèrè, ẹ má dá a lóhùn. Ayédèrú ló máa ń dẹ́rù bani: kíákíá, lónìí, kí wákàtí mélòó kan tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó ti ilé yín pa. Ẹni tó bá ń lé yín kí ẹ sáré, ẹ bi í pé kí ló ń lé òun.

Àwọn nǹkan tí kì í ṣe àmì mọ́ ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ fún wa pé Òyìnbó lẹ́tà jìbìtì kì í dán. Ìyẹn ti kọjá. Kọ̀ǹpútà ti ń bá wọn kọ lẹ́tà báyìí, ó sì ń dán ju ti ọ̀gá iléèwé lọ. Àwòrán àgádágodo kékeré tó ń hàn lókè ojú ìwé náà kò tó ẹ̀rí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò lè yọjú sí ọ̀rọ̀ tó wà láàrin ẹ̀yin àti ojú ìwé náà. Kò sọ pé ẹni tó ni ojú ìwé náà kì í ṣe olè.

KÓÒDÙ TÍ WỌ́N Ń TỌRỌ

Ní oṣù tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ẹlẹ́ja ṣẹlẹ̀, èmi náà rí tèmi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni. Lẹ́tà wọlé, kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Ojúlówó ni, mo ti padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù mi dún. Ọmọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹ kú alẹ́, Mummy. Ẹ máà bínú o, mo ṣèèṣì fi kóòdù mi ránṣẹ́ sórí ímeèlì yín. Ọmọ iléèwé ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."

Kí n má parọ́ fún yín, ẹnu mi ti fẹ́ là. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá ni gbogbo wa, àánú sì ń ṣe wá. Ẹja ẹ̀gbọ́n wa ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ọmọ mi, bí kóòdù bá jẹ́ tìẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọn ì bá fi ránṣẹ́ sí." Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Òun ló tẹ "mo ti gbàgbé", kóòdù yẹn ló kù fún un kó fi wọ ilé mi. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀kọ́ tí ẹ fi 225,000 náírà rà, èmi ò san kọ́bọ̀ kí n tó jẹ nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín níwájú gbogbo ọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣòfin: kóòdù tó bá wọ fóònù wa, a kì í kà á fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe fún ẹni tó ní òun ń pè láti bánkì. Kì í ṣe fún ẹni tó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní Facebook. Kì í ṣe fún ẹni tó bá ń lo WhatsApp ọ̀rẹ́ yín, torí ó lè jẹ́ pé olè ti wà nínú WhatsApp ọ̀rẹ́ yín ọ̀hún.

BÍ Ẹ BÁ TI TẸ̀ Ẹ́ ŃKỌ́?

Ẹ má jókòó kẹ́ ẹ máa sunkún, ẹ má sì tijú. Ìtìjú ló ń fún olè láyè. Ẹ kọ́kọ́ yí páswọọ̀dù ímeèlì yín padà, torí ímeèlì ni ìyá gbogbo wọn: ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lè gba lẹ́tà gbogbo àkáǹtì yòókù. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ti Facebook, kí ẹ lé gbogbo fóònù tí ẹ ò mọ̀ jáde. Bí ẹ bá ń lo páswọọ̀dù kan náà níbi mẹ́rin, ẹ yí i níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá kan ọ̀rọ̀ bánkì, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín. Kí ẹ wá sọ fún àwọn oníbàárà lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sanwó sí àkáǹtì tuntun kankan. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ pẹ̀lú, ká lè bá yín kéde rẹ̀. Ká ní ọjọ́ kìíní ni ẹ̀gbọ́n wa ti mọ̀, tí a ti kéde, bóyá ẹni tó san 120,000 yẹn ì bá má san án.

Kó tó di pé olè dé, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ lọ tan ohun tí wọ́n ń pè ní "two-step verification" tàbí "two-factor" lórí Facebook, Google àti WhatsApp. Àgádágodo kejì ni. Bí olè bá mọ páswọọ̀dù, á tún bá ilẹ̀kùn mìíràn pàdé. Ti WhatsApp jẹ́ PIN nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin fúnra yín máa yàn. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe é. Ẹ tún wo nọ́ńbà fóònù tó wà lórí àkáǹtì yín. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tí ẹ ti pa tì ni, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí iléeṣẹ́ fóònù lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà, kóòdù yín á wá máa lọ bá a.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìyá aláta kan béèrè pé: "Èmi ò mọ ímeèlì kankan, ọmọ mi ló ṣètò fóònù fún mi. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?" Ó kàn yín, Mà. Ọmọ yín ti ní láti ṣí ímeèlì kan lórúkọ yín kí Google yẹn tó lè ṣiṣẹ́, tàbí kó fi tirẹ̀ sí i. Ẹ bi í lálẹ́ òní pé èwo ni. Ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìwé náà wà nílé, kó má wà nínú àpò owó ọjà.

Ìyá aláṣọ òkè béèrè pé: "Bí mo bá kàn ṣí lẹ́tà náà kà, ṣé wọ́n ti wọlé nìyẹn?" Rárá, Mà. Kíkà á nìkan kò fún wọn ní páswọọ̀dù yín. Kí ẹ tẹ líǹkì kí ẹ sì kọ nǹkan síbi tó mú yín lọ, tàbí kí ẹ gba ohun tó ní kí ẹ gbà sórí fóònù, ibẹ̀ ni ewu wà.

Akápò wa béèrè pé: "Bó bá jẹ́ bánkì wa ló kọ̀wé pé ká tún PIN ṣe ńkọ́?" Òfin kan náà ni. Ẹ jáde kúrò nínú lẹ́tà, ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn dé bánkì. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ gbà.

Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀rọ̀ mi ti tán. Kò sí ẹni tó lè kó gbogbo àmì wọ̀nyí sórí tán, torí olè ń kọ́ ọgbọ́n tuntun lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kò sí olè tó lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín àtijọ́ bí ẹ bá ń gba ibẹ̀ wọlé tí ẹ sì tì í dáadáa. Bí lẹ́tà bá dé tó rú yín lójú, ẹ mú fóònù wá sí ìsọ̀ mi. Mi ò gbowó, omi tútù náà á sì wà ńbẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Olúwa á bá wa ṣọ́ orúkọ wa, á bá wa ṣọ́ owó wa. Owó tí a fi òógùn wá, olè ò ní bá wa ná an. Ọjà á tà, èrè á pọ̀, a ó padà délé bá ayọ̀.